Ẹni Tó Wà ní Nọ́ńbà Keje

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì
Nọ́ńbà fáìlì: ỌMỌ OBÌNRIN/ÒKÈ ÒKUN/41

Ọmọ mi, ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì gbé etí rẹ lọ? Èmi wà níbí, ara le koko, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Mo mọ̀ pé wàá tún béèrè pé kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù kì í dúró. Béèyàn bá ti sọ ọ́ tán, ó ti bá atẹ́gùn lọ, ta ló máa rí i tọ́ka sí lọ́la? Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú yàrá fáìlì ìjọba, mi ò sọ ìwé kan ṣoṣo nù rí. Mi ò ní wá torí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀dà.

Ìròyìn ńlá wà o. Ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì kọ̀wé sí mi! Wọ́n ní kí gbogbo àwa tá à ń gba pẹ́ńṣàn máa fi tó àwọn létí, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bí ohunkóhun bá yí padà nínú ìgbé ayé wa. Ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò sọ pé nǹkan ńlá, wọn ò sọ pé nǹkan kékeré. Ohunkóhun ni wọ́n kọ, wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

O mọ̀ mí, mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ ìjọba ṣeré. Mo jókòó lọ́jọ́ náà gan-an, mo fi kábọ̀n, bébà dúdú tó ń ṣe ẹ̀dà, sáàárín ìwé mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ̀dà kìíní ti ìjọba, ìkejì tèmi, ìkẹta tìrẹ ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Bí ẹ̀dà kẹta ò bá hàn dáadáa, gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ìkíní, mo ti fá irunmú mi, nítorí náà àwòrán tó wà nínú fáìlì mi kì í ṣe èmi mọ́. Ìkejì, eyín kan jáde lápá ọ̀tún lókè, fúnra rẹ̀ ló jáde o, ẹnikẹ́ni ò lù mí. Ìkẹta, orúnkún òsì ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ìkẹrin, mo ti kúrò ní yàrá iwájú, mo ti kó lọ sí ti ẹ̀yìn, nítorí oòrùn ọ̀sán. Ìkarùn-ún, ológbò inú ilé bí mẹ́ta. Ìkẹfà, mi ò fi ṣúgà sí tíì mọ́. Ìkeje, Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì ti ń gbé nínú ilé mi, nítorí ìjì ká páànù orí ilé rẹ̀ lọ. Ìkẹjọ, mo ti ra agbòjò tuntun.

Wọ́n tún ní bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá bá wa gbé, ká sàmì sí àpótí kan: ọkọ tàbí aya, ìbátan, ayálégbé, ẹlòmíràn. Mo sàmì sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Jọ̀ọ́, bá mi wá kábọ̀n ránṣẹ́ láti ọ̀hún. Tibí ti ń wọ́n.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Akọ̀wé Fáìlì (tó ti fẹ̀yìntì)


Ọjọ́ ogún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ilé ìfọṣọ nílé ìwòsàn níbi iṣẹ́ mi ni mo ti ka lẹ́tà yín, láàárín ẹ̀rọ méjì tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí dé nọ́ńbà kẹfà. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, mo ní bàbá mi ti fi tó ìjọba létí pé ológbò bímọ.

Ìgbà tí mo dé nọ́ńbà keje, ẹ̀rín pòórá.

Bàbá, kí ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ń ṣe nínú ilé wa? Mo mọ̀ wọ́n o, ọwọ́ wọn la ti ń ra búrẹ́dì látìgbà tí mo ti wà nílé ìwé. Ohun tí mò ń béèrè ni pé yàrá wo ni wọ́n wà. Ilé yẹn ò ju yàrá mẹ́ta lọ: ti iwájú, ti ẹ̀yìn, àti ti Màmi, tá a ti tì pa láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ẹnì kan ti ṣí yàrá Màmi.

Èkejì, ta ló ń fi irunmú ara rẹ̀ sun ìjọba? Àwọn ará ọ́fíìsì yẹn, wọ́n ń wá ìdí tí wọ́n á fi dá owó èèyàn dúró ni, ẹ wá ń kó ìdí fún wọn lọ́pọ̀ yanturu! Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàtà tẹ́ ẹ wọ̀ ńkọ́? Ẹ ò sọ fún wọn pé okùn rẹ̀ já?

Kí ọ̀rọ̀ má baà di ńlá, èmi náà ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà. Mo ní bàbá mi ti dàgbà, kí ọ́fíìsì má ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí, wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan, àwọn nìkan ló ń dá gbé, nǹkan kan ò sì yí padà. Mo mọ̀ pé inú yín lè má dùn sí i. Ààbò yín ni mò ń wá.

Wọn ò ta kábọ̀n níbí mọ́. Obìnrin ilé ìtàwé rò pé oògùn ni.

Èmi, ọmọ yín


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta
Nọ́ńbà fáìlì: ỌMỌ OBÌNRIN/ÒKÈ ÒKUN/42 (ÌBÍNÚ)

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ pẹ́ lónìí. Ìkíni tó wà nínú nọ́ńbà 41, lo ó.

Èmi ni mò ń gbàgbé nǹkan? Èmi! Èmi tí mo lè sọ fún ọ, láì wo ibì kankan, pé ìwé tí ọ̀gá àgbà ń wá káàkiri lọ́dún tá a bí ọ, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tí kò dúró dáadáa ló wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ká a síbẹ̀! O kọ̀wé sí ìjọba, ìwé ti wọ fáìlì. Ṣé o mọ ohun tíyẹn jẹ́? Títí ayé, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì mi, á bá a níbẹ̀ pé ọmọ tí mo bí ní orí mi ò pé mọ́. O kú iṣẹ́. O kú ọpọlọ.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí ọpọlọ rẹ bí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rán òṣìṣẹ́ kan wá sílé. Obìnrin kékeré kan báyìí, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, Onígíláàsì là ń pè é. Ó mú ìwé tèmi dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú tìrẹ dání lọ́wọ́ òsì. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, ó wo ihò eyín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí n rìn, mo rìn, orúnkún ké, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn ọmọ ológbò. Ó kà wọ́n, ó ní mẹ́rin ni. Mo ní mẹ́ta ni mo kọ. Ó ní, "Bàbá, mẹ́rin lèmi rí." Òógùn bò mí! A wádìí rẹ̀ títí a fi mọ̀ pé ti aládùúgbò ni ìkẹrin, ó wá jẹun ni.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì fi jáde láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, àwo búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́.

"Ta nìyí?" Onígíláàsì ló béèrè.

"Ẹlòmíràn ni," mo dáhùn, bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù.

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé àwo kalẹ̀ gbàà.

"Ṣé ayálégbé yín ni?"

"Kì í sanwó ilé."

"Ṣé ìbátan yín ni?"

"Rárá o."

"Ṣé ìyàwó yín ni?"

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú mi. Mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo máa fi wúkọ́ tán, Ìyá Oníbúrẹ́dì ti padà sí ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Onígíláàsì ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá sàmì sí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé irú ẹlòmíràn tó jẹ́ lórí ìlà tó wà níwájú rẹ̀. Ìlà náà ò gùn ju ìka àárín mi lọ. Ó ní nítorí pé ìwé tèmi sọ pé ẹnì kan wà, ìwé tìrẹ sọ pé kò sẹ́nì kankan, wọ́n ti dá pẹ́ńṣàn mi dúró ná. Bí ìwé ò bá bára mu kí oṣù kẹrin tó parí, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò pátápátá, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lánàá.

Ní ti yàrá ìyá rẹ, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kàn án. Yàrá iwájú ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wà. Èmi ni mo kó sẹ́yìn fún un. Ọ̀rọ̀ oòrùn ọ̀sán tí mo kọ yẹn, jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí n kọ sórí ìlà yẹn? Mi ò fẹ́ kọ ọ́ kí o má mọ̀ sí i. Tètè dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ, tí orí rẹ̀ pé


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta
Nọ́ńbà fáìlì: ỌMỌ OBÌNRIN/ÒKÈ ÒKUN/43
ÌRÁNNILÉTÍ KÌÍNÍ

Ọmọ mi,

Lẹ́tà yìí tọ́ka sí èyí tí mo kọ lọ́jọ́ keje, tí mi ò tíì rí èsì gbà. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ara rẹ le? Mo máa ń dúró de ẹni tó ń pín lẹ́tà lójoojúmọ́. Ní báyìí, tó bá ti rí mi lókèèrè, òpópónà míì ló ń yà sí.

Mo ti kọ ìlà yẹn ní ọ̀nà mọ́kànlá. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Aládùúgbò tí ìjì lé wọlé." Ó dára, àmọ́ irọ́ ló máa jẹ́. Láti ìparí oṣù kejì ni wọ́n ti tún páànù orí ilé rẹ̀ kàn. Kò sọ pé òun ń lọ, èmi náà ò béèrè. Mo wá kọ ọ́ pé, "Ẹni tó ń bá mi wá gíláàsì ojú mi." Mo tún kọ, "Ẹni tá a jọ ń ka ìwé ìròyìn, òun ka iwájú, èmi ka ẹ̀yìn." Mo kọ, "Olùrànlọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tíì." Ìkankan ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àṣìṣe mi ni pé mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Akọ̀wé bíi tèmi! Nígbà tí mo ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró síbẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tiẹ̀ jókòó.

"Bàbá Akọ̀wé," ó ní, "èmi ni olùrànlọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tíì?"

"Ẹ má bínú, ìyẹn ò tíì parí, mo ṣì ń..."

"Oṣù méjì! Mo ń jí ní agogo márùn-ún ká lè rí búrẹ́dì gbígbóná jẹ. Mo ń bá yín fi epo pa orúnkún. Mọ́kànlá lẹ kọ, ẹ ò rí ọ̀kan ṣoṣo tó sọ pé èèyàn ni mí."

Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó sọdá títì. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo, ó sàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wò mí bí ẹni wo oníbàárà, ó ní, "Mélòó lẹ fẹ́, Ọ̀gá?" Ọ̀gá! Ọmọ mi, ó pè mí ní Ọ̀gá.

Ilé yìí ti dákẹ́ jù. Ológbò ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìyípadà ni lílọ tó lọ yìí, ó sì yẹ kí n ti fi tó ọ́fíìsì létí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú kálámù, ọwọ́ ò gbà láti kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láyé mi tí mo fi nǹkan pamọ́ fún ìjọba.

Kọ̀wé sí mi, jọ̀ọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ara mi le, iṣẹ́ ò pa mí. Inú ló ń bí mi, mo sì mọ̀ pé tí mo bá kọ̀wé pẹ̀lú inú yẹn, ohun tí mo bá kọ ò ní ṣeé pa rẹ́, nítorí ẹ̀yin á fi í sínú fáìlì.

Kì í ṣe Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mò ń bínú sí. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí, Bàbá. Èmi nìkan lẹ bí. Obìnrin kan wọ inú ilé tí wọ́n ti bí mi, ìjọba gbọ́ kí n tó gbọ́. Ẹ̀dà kẹta ni mo gbà. Mo bá a láàárín ṣúgà àti agbòjò! Ó dùn mí gan-an. Mo sunkún sórí aṣọ ìbùsùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àfi bí mo ṣe tún un fọ̀. Ọ̀gá mi ò rí i bí ohun ẹ̀rín lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tún gbọ́ o. Láti ìgbà tí Màmi ti lọ, bí lẹ́tà yín bá dé, mi ò kì í kọ́kọ́ kà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá ó ṣì dúró gírígírí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá jẹun, mi ò sì lè wá. Èyí tẹ́ ẹ kọ gbẹ̀yìn yìí, ní ibi tẹ́ ẹ ti kọ "Ọ̀gá," ọwọ́ yín ò dúró. Mo rí i.

Ẹ bi mí pé kí lẹ máa kọ sórí ìlà. Èmi náà á bi yín: kí lẹ fẹ́ kó jẹ́? Ẹ má dá mi lóhùn bí akọ̀wé. Ẹ dá mi lóhùn bíi bàbá mi.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Ọ́fíìsì yín dá mi lóhùn. Wọ́n ní ìwé mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ àwọn nípa ilé yín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì bára mu. Mẹ́ta kẹ̀? Ẹ̀yin kọ ọ̀kan, èmi kọ ọ̀kan. Ta ló kọ ìkẹta? Ṣé ẹ tún lọ fi nǹkan míì sun ara yín ni?

Mo ti kọ òmíràn sí wọn, pé kí wọ́n yọ tèmi kúrò. Mo ní orí bàbá mi pé, ó tiẹ̀ ti pé jù.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi, ìyá mi, ọmọ àtàtà,

Wàá rí i pé kò sí nọ́ńbà fáìlì lórí lẹ́tà yìí. Mi ò fi kábọ̀n sí i. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà láyé, ìwọ ni mo sì kọ ọ́ sí. Mo jẹ̀bi. Má bínú sí mi. Ìjọba ni mo fi ọgbọ̀n ọdún àti mẹ́rin bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ó ti mọ́ mi lẹ́nu jù.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá ni mo lọ sí ọ́fíìsì náà, nítorí ó ku ọjọ́ kan. Ìlà yẹn ṣì ṣófo. Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ fáànù kan tó ń yí tí kò fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni. Ta ni mo bá níbẹ̀? Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó gbé báàgì sórí orúnkún, ó wọ bàtà àlọsóde. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe òun náà. A kí ara wa. A fi àyè ẹni méjì sáàárín ara wa lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó yá, wọ́n pe àwa méjèèjì pọ̀.

Onígíláàsì tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì. Ó fọwọ́ kan èkíní. "Bàbá ní ẹlòmíràn ni." Ó fọwọ́ kan èkejì. "Ọmọ yín ní kò sẹ́nì kankan, ó tún ti ní ká yọ tòun kúrò." Ó wá ti ìkẹta sí iwájú mi.

Ọwọ́ ìkọ̀wé náà tóbi, àpá ìka oníyẹ̀fun kan wà létí rẹ̀. Ọmọ mi, ó ti kúrò lọ́kàn mi pátápátá pé Ìyá Oníbúrẹ́dì náà ṣiṣẹ́ ìjọba rí! Nínú ilé ìdáná ilé ìwòsàn ìjọba ló ti ṣe búrẹ́dì fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìntì, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun náà ń gba pẹ́ńṣàn. Wọ́n kọ irú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi sí òun náà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ló ti dá wọn lóhùn, inú fáìlì tirẹ̀ ni ìwé náà wà tí Onígíláàsì ò fi tètè rí i. Nǹkan kan ṣoṣo ló kọ. Kò sí irunmú, kò sí ológbò. Ó kọ ọ́ pé, "Mo ti kó lọ sí ilé ọkọ mi." Ó sàmì sí àpótí àkọ́kọ́. Orúkọ mi ló kọ síwájú rẹ̀, ó pé pérépéré, kò sí àṣìkọ.

Oṣù méjì àti ọjọ́ méjìdínlógún ni mo ti fi jẹ́ ọkọ nínú fáìlì ìjọba, èmi fúnra mi ò gbọ́!

Mo yíjú sí i. Fáànù ló ń wò.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, kí lèyí?"

"Ìwé ni. Ṣé ẹ ò mọ̀wé kà mọ́ ni?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Mo sọ ọ́ tán, kí ló kù? Mo fi búrẹ́dì sọ ọ́, mo fi epo orúnkún sọ ọ́. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, ẹ̀yin ò kì í gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ni mo bá fi í sínú fáìlì. Mo ní lọ́jọ́ kan, akọ̀wé á kà á."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un gbé sójú. Ó ní, "Bàbá, Màmá, mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé yín. Àmọ́ ọ̀kan nínú ìwé yìí kì í ṣe òtítọ́, ẹni tó bá sì parọ́ fún ọ́fíìsì máa ṣàlàyé níwájú ọ̀gá. Ṣé ká sọ pé irọ́ ni ti Màmá?"

Mo rántí ìbéèrè rẹ. Kí ni mo fẹ́ kó jẹ́? Ọmọ mi, mo fẹ́ máa gbọ́ ariwo àwo rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lajú. Mo fẹ́ kó máa gba iwájú ìwé ìròyìn lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò dín ìyá rẹ kù lọ́kàn mi, mo fi Ọlọ́run búra. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Mo ní fún Onígíláàsì pé, "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ fáìlì ìjọba, mi ò já ìwé kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀ rí. Ti Màmá kọ́ nirọ́. Tèmi nirọ́. Ẹ gbé e fún mi." Ó gbé e fún mi, mo fà á ya sí méjì. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fà ya láyé mi nìyẹn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò wo fáànù mọ́.

"Ó dáa," Onígíláàsì ní, "ọjọ́ wo lẹ ṣègbéyàwó? Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́."

Mo wo Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó wò mí.

"Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà," ó ní, wéré, bí ẹni tó ti ń gbé e kiri lẹ́nu.

"Ìyẹn ò tíì dé, Màmá."

"Ó ń bọ̀ náà nìyẹn."

Onígíláàsì gbé kálámù kalẹ̀. Ó ní ká mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wá tá a bá ti ṣe é, òun á fi àwọn ìwé náà sí abẹ́ tábìlì títí dìgbà náà, pẹ́ńṣàn mi á sì bẹ̀rẹ̀ padà. Bá a ti ń jáde, ó rọra bi wá pé ṣé búrẹ́dì máa wà lọ́jọ́ náà.

Ohun kan ló kù, òun sì ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò tíì padà wálé. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pé òun ò ní kọjá ẹnu ilẹ̀kùn wa láéláé, àfi kí ìwọ fúnra rẹ sọ pé kí òun wọlé. Ó ní ọwọ́ ìjọba ti tó ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ tèmi ti tó o, ó ku tìrẹ, òun ò sì ní fi ipá jẹ́ ẹbí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Bí o bá sọ pé rárá, rárá náà ni. Màá fara mọ́ ọn, mi ò ní bá ọ jà. Àmọ́ má jẹ́ kó pẹ́, ọmọ mi. Mi ò lè máa sọdá títì lọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún
Sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé Akọ̀wé

Màmá,

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ìdí iná. Ọmọ Akọ̀wé ni. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, ẹ bá mi fara dà á tí kò bá rí bó ṣe yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ má dúró dọjọ́ kẹfà, ẹ sọdá lónìí. Ẹ sọ fún bàbá mi kí wọ́n padà sí yàrá iwájú, oòrùn ọ̀sán kan ò pa wọ́n rí. Ti Màmi, èmi ni mo ní kí wọ́n tì í, èmi ni mo sì ní kí ẹ ṣí i báyìí. Ẹ ṣí fèrèsé méjèèjì. Màmi kórìíra yàrá tí atẹ́gùn ò wọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mò ń fi ohun tí wọn ò fẹ́ ṣe ọ̀wọ̀ fún wọn.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín fún nǹkan kan. Bàbá mi ò kì í sọ òótọ́ nípa ara wọn fún mi. Nínú lẹ́tà kan náà, wọ́n kọ sí mi pé ara le koko, wọ́n kọ sí ìjọba pé orúnkún ń ké. Màmi ni mo máa ń bi tẹ́lẹ̀, lábẹ́lẹ̀, wọ́n á sì sọ fún mi. Látìgbà tí wọ́n ti lọ, mi ò rẹ́ni bi. Ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Ṣé wọ́n ń sùn? Eyín tó jáde yẹn, ṣé ó dùn wọ́n?

Bí ohunkóhun bá yí padà, ẹ kọ̀wé sí mi o, Màmá. Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Ẹ má dúró dọgbọ̀n ọjọ́.

Ọmọ yín